Kí ló ń mú kí irin sán nínú agbada síńkì?

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin jórinjórin kan ní Ìkọ̀lé fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹsẹ̀ táǹkì omi ló ń ṣe. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún un ní àwọn ò fẹ́ ọ̀dà. Galvanize gidi làwọn fẹ́, kí wọ́n rì í bọ síńkì, kó lè pẹ́ lójú òjò. Ó jó irin rẹ̀ pọ̀, ó háyà ọkọ̀, ó gbé e lọ sí Èkó. Nígbà tó gbà á padà, gbogbo rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Ìgbà tí wọ́n ń já a sílẹ̀ lójú ṣọ́ọ̀bù ló tó rí i pé ní igun ibi tí òun ti gé ẹnu bíìmù kan kó lè wọ ara èkejì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó wọnú irin.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "oníṣẹ́ ní èmi ni mi ò jó o dáadáa. Àwọn tó rì í ní báwọn ṣe bá a làwọn ṣe rì í. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ̀bi nínú wa?"

Mo ní kó kọ́kọ́ má tíì gbé táǹkì kankan lé e. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Táǹkì onílítà 2,000 tó bá kún, tọ́ọ̀nù méjì ló wà lókè yẹn, abẹ́ rẹ̀ sì làwọn ọmọdé máa ń tò sí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Irin tó ti sán lè dúró fún ọdún kan, ó lè dúró fún ọdún mẹ́ta, kó wá dọjọ́ tí atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ ẹ.

Ìbéèrè rẹ̀ dára, mo sì rò pé ó yẹ ká dáhùn rẹ̀ ní gbangba, torí lágbègbè wa yìí, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, irin tí wọ́n rì bọ síńkì ti pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Másìtì àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, òpó iná ojú títì, àwọn òpó gogoro tó gbé wáyà iná mànàmáná wá sí Adó, ẹsẹ̀ táǹkì bóhòlù ní ilé ìwé àti ilé ìjọsìn. Gbogbo wọn ló ti wẹ̀ nínú síńkì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ irin ṣàjèjì sí wa o. Ìrè wà níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ìlú tí wọ́n fi ń pe Ògún ní Onírè. Alágbẹ̀dẹ kankan kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á nínú ìwé pé irin tó le kọ́ ni irin tó gbó. Bó bá mú àdá tó pọ́n kuku jáde nínú iná, tó tì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu rẹ̀ á le débi pé bó bá kọlu òkúta, ńṣe ló máa fọ́ bí àwo. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dá a padà sẹ́bàá iná díẹ̀ kí líle rẹ̀ lè rọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: irin tó le jù kì í lè tẹ̀, èyí tí kò bá sì lè tẹ̀, kíkán ló kù fún un. Àwọn aráyé ìsinsìnyí kàn tún ọ̀rọ̀ náà sọ ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbada

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń wá nínú síńkì? Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá kan irin, irin á dógùn-ún. Síńkì máa ń fi ara rẹ̀ jìn dípò irin. Kódà bí nǹkan bá ha á tí irin hàn díẹ̀, síńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ máa jẹ. Ọ̀dà lásán kò lè ṣe èyí, títí kan ọ̀dà fàdákà tí àwọn kan máa ń kùn tí wọ́n á sì ní galvanize ni. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́: ní 1742 ni Paul-Jacques Malouin, dókítà ará Faransé, ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ rẹ̀, ní 1837 sì ni Stanislas Sorel, ará Faransé bákan náà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tó jọ èyí tí wọ́n ń lò dòní. Páànù tó bo orí ilé àwọn bàbá wa, síńkì yìí náà ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á fi omi sódà gbígbóná fọ epo kúrò lára irin. Wọ́n á rì í bọ ásíìdì kí ìpẹtà àti èépá dúdú ara rẹ̀ lè bó. Wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún rì í bọ omi iyọ̀ kan tó máa jẹ́ kí síńkì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kiréènì á wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú síńkì tó ti yọ́. Síńkì máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 420°C, agbada yìí sì máa ń wà ní nǹkan bíi 450°C. Ká lè mọ bó ṣe gbóná tó, epo tí ìyá alákàrà fi ń dín àkàrà kì í sábà kọjá 200°C.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni irin máa ń lò níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, síńkì àti irin á wọnú ara wọn, wọ́n á di aṣọ kan tí kò ṣeé bó bí ọ̀dà. Lára irin tó nípọn ju mìlímítà 6 lọ, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 1461 fẹ́ kí aṣọ náà nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 85 ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irin ló ń gba inú agbada báyìí lójoojúmọ́ láyé tí ohunkóhun kì í ṣe. Kí ló wá dé tí òmíì fi ń sán? Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé síbi kan kí irin tó sán: irin tí kò lè tẹ̀ mọ́, ìfà tó ń fa irin náà, àti síńkì yíyọ́ tó kàn án. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, kò sí ọbẹ̀.

Ìfà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí. Ẹ wo awọ ìlù. Ìgbà tó tutù ni wọ́n ń fà á bo igi. Bó ti ń gbẹ, ó ń fẹ́ sún kì, igi ò sì jẹ́ kó sún kì, ìyẹn ló fi máa ń le tantan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ibi tí wọ́n bá jó. Irin tó yọ́ láti ẹnu ẹlẹ́kítíróòdù fẹ́ sún kì bó ti ń tutù, irin tútù tó yí i ká sì dì í mú. Ẹ̀yin á wò ó, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ó dúró jẹ́ẹ́. Àmọ́ inú rẹ̀ ń fa ara rẹ̀ débi pé ìfà náà lè súnmọ́ gbogbo agbára tí irin yẹn ní.

Ẹ wá gbé irú irin bẹ́ẹ̀ sínú agbada. Irin tó gùn ní mítà 6, tó bá gbóná láti ooru ilé wa títí dé 450°C, á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 gùn sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ gbóná, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ti ń gùn nígbà tí apá òkè ṣì tutù. Irin tó tín-ín-rín tètè gbóná, èyí tó nípọn ń fà sẹ́yìn. Wọ́n jó wọn mọ́ra, kò sì sí èyí tó lè dá lọ. Ìfà tuntun gun orí ìfà àtijọ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, irin á kàn fi títẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ náà, torí ooru yẹn ti sọ agbára rẹ̀ di kékeré. Ìyẹn ló fà á tí géètì míì fi máa ń jáde nínú agbada ní wíwọ́. Wíwọ́ kò dára, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn sí i ju sísán lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ ṣì wà láyé.

Báwo ni síńkì ṣe ń la irin?

Irin tí a ń wò bí odidi kì í ṣe odidi. Hóró kéékèèké ni, tí wọ́n há mọ́ra bí hóró àgbàdo lára ṣùkù, kò sí àlàfo tí ojú lè rí. Síńkì yíyọ́ máa ń wá ààlà àárín àwọn hóró wọ̀nyí. Bí irin bá wà ní ìrọ̀rùn, síńkì á dúró lójú ara, iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìfà tó lágbára bá ń ya ojú ibẹ̀, síńkì á yọ́ wọlé sí ààlà náà, á jẹ́ kí àwọn átọ́ọ̀mù irin tó dira wọn mú tètè fi ara wọn sílẹ̀. Ó ṣí díẹ̀, síńkì tún ṣàn wọ iwájú, ó tún ṣí. Ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀ lè gbà. Irin tí ẹ lè fà títí tí á fi gùn bí rọ́bà kí ó tó já, á wá là gbáà bí igi gbígbẹ.

Ohun tó wà nínú síńkì náà ń dá kún un. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń bu òjé, tánganran tàbí bismuth díẹ̀ sí i kó lè ṣàn dáadáa, kí ara irin sì dán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn ará Jámánì rí i pé bíìmù ńláńlá tí wọ́n rì sínú síńkì tí tánganran rẹ̀ pọ̀ ń sán. Ní 2008, ilé ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ìwé jáde lórí rẹ̀. Nígbà tó di 2009, Jámánì gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní DASt 022 kalẹ̀, tó pín àwọn agbada sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí tánganran inú wọn ṣe tó. Ní Texas, ní Amẹ́ríkà, òpó iná gíga ojú títì ni wọ́n bá a lára. Ẹ fojú inú wo òpó náà: ara rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n jó o mọ́ ìdí tó nípọn gan-an. Nínú agbada, ara rẹ̀ gbóná kíá, ìdí rẹ̀ kò tíì gbóná. Ojú ibi tí wọ́n ti jó méjèèjì pọ̀, níbi tí ara òpó ti ṣẹ́ igun, ibẹ̀ gan-an ni ìlà kéékèèké ti yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni òpó náà kò tíì ru ẹrù kankan rí! Láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni mo ti máa ń tẹjú mọ́ ìdí òpó sólà tí mo bá ń kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí irin tí kò lè tẹ̀. Ọ̀nà púpọ̀ ni a ń gbà sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Àkọ́kọ́, fífi iná gáàsì gé e. Ẹnu ibi tí iná ti gé máa ń gbóná rẹ̀rẹ̀, irin tó yí i ká á sì mú kó tutù kíá. Ìyẹn àdá alágbẹ̀dẹ tí wọ́n tì bọ omi náà ni, ẹnu ibẹ̀ le ju ara yòókù lọ. Tí gígé yẹn bá tún rí págunpàgun, tí igun rẹ̀ sì ṣẹ́ṣẹ́ bí igun páálí, orí igun yẹn ni gbogbo ìfà máa péjọ sí.

Èkejì ni títẹ irin ní tútù. Bí a bá fi hámà tẹ irin ju bó ṣe yẹ lọ, inú rẹ̀ á gan. Bó bá wà báyìí fún oṣù púpọ̀, àwọn átọ́ọ̀mù náítírójìn tó wà nínú rẹ̀ á rọra lọ há mọ́ ibi tó yẹ kó ti máa yọ̀, á túbọ̀ gan sí i. Ooru agbada máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe iṣẹ́ oṣù púpọ̀ yẹn. Ìyẹn ni àwọn kan fi máa ń rí irin tó jáde láìlábàwọ́n, tó wá kán nígbà tó bọ́ sílẹ̀ látorí ọkọ̀. Òfin tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí kọ́ọ̀bù títẹ̀ náà má kéré: kí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta nínípọn irin náà, ó kéré tán. Irin mìlímítà 10, mìlímítà 30. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi iná mú un pọ́n kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ihò náà ń kó sí i: kẹ́ ẹ fi dírílì lu ihò sàn ju kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ gún un lọ, pàápàá lára irin tó nípọn, torí gígún máa ń pa etí ihò lára.

Ti ásíìdì kò gùn. Bó ti ń jẹ ìpẹtà, háídírójìn ń jáde, púpọ̀ ń hó lọ, díẹ̀ ń wọnú irin. Irin lásán tí a fi ń kọ́ ilé kì í bìkítà. Irin líle ló ń dùn, torí háídírójìn lè mú kó kán láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà orí bóòtù yín. 8.8 kò ní wàhálà. 10.9 ń fẹ́ ìṣọ́ra àti ẹni tó mọṣẹ́. 12.9, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá. Sípíríǹgì ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn kan fi ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan náà, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísán, ṣùgbọ́n ó ń pa èèyàn. Bí ẹ bá jó páìpù tẹ́ ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì pa, tí omi tàbí ásíìdì wá ráyè wọnú rẹ̀, omi yẹn á di oruru nínú síńkì 450°C. Omi tó bá di oruru máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700. Páìpù náà á bú bíi bọ́ǹbù, síńkì gbígbóná á sì dà sórí àwọn tó wà nítòsí. Ẹ máa lu ihò sí gbogbo páìpù tẹ́ ẹ bá dí, lókè àti nísàlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín.

Ta ló wá jẹ̀bi?

Mo ní kí ọmọkùnrin náà fi gíráǹdà ṣí ìlà yẹn díẹ̀díẹ̀ kó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni síńkì. Bí síńkì bá wà nínú ìlà náà, á jẹ́ pé kí irin tó kúrò nínú agbada ló ti sán. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, tí kò sí síńkì níbẹ̀, lẹ́yìn tó jáde ni, bóyá nínú ọkọ̀. Síńkì wà níbẹ̀. Ó ń dán títí dé ìsàlẹ̀.

Ó tún sọ òótọ́ fún mi pé gáàsì lòun fi gé igun náà, òun kò fi gíráǹdà kàn án, òun sì jó irin mìíì mọ́ ọn nítòsí ibẹ̀. Igun tó mú, ẹnu tó le, ojó tó ń fà. Nítorí náà, ó lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó ya iṣẹ́ náà sórí ìwé lọ́wọ́ sí i, torí igun ṣíṣẹ́ ló yà. Àwọn tó rì í náà yẹ kí wọ́n ti rí igun yẹn kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó jáde. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ èyí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n òun nìyẹn. Iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n jọ jókòó sọ ṣáájú ni. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ FUOYE ló wà ní Ìkọ̀lé níbẹ̀ yẹn; mi ò mọ ohun tó ń dí àwọn wẹ́dà àti àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ láti máa ṣẹ́sẹ̀ wọ ọ̀dọ̀ ara wọn.

Ṣé ó ṣeé tún ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ìlà náà kò bá pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi gíráǹdà yọ síńkì kúrò ní gbogbo àyíká ibẹ̀. Èéfín síńkì máa ń fún èèyàn ní ibà lóru, mílíìkì tí àwọn wẹ́dà máa ń mu kò sì dá a dúró. Ìta gbangba àti ìbòmú tó dára ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbẹ́ ìlà náà títí kò fi ní kù nǹkan kan. Ojú nìkan kò tó: ọ̀dà pupa wà tí wọ́n ń fọ́n sí i, tí wọ́n á nù kúrò, tí wọ́n á sì wá fọ́n ẹ̀fun lé e. Bí ìlà bá ṣì kù, pupa á tún yọ lójú ẹ̀fun. Wọ́n tún lè lo òòfà àti ìyẹ̀fun irin. Ìgbà tó bá mọ́ ni kẹ́ ẹ tó jó o, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀.

Bíìmù tirẹ̀ kò gba àtúnṣe. Nígbà tó fi ọ̀dà pupa wò ó, ìlà náà gùn ju bí ojú ṣe rí i lọ nígbà mẹ́ta, igun kejì náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ó ra òmíràn. Ní èyí tuntun, ó kọ́kọ́ fi dírílì lu ihò sí orí igun kó tó gé e, kí igun náà lè rí roboto, ó sì fi gíráǹdà dán ẹnu rẹ̀ títí tó fi jọ̀lọ̀. Ó bá àwọn tó ń rì í sọ̀rọ̀ kó tó gbé e lọ, pé kí wọ́n rì í kíákíá ní ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n má fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lókè. Ó jáde láìsí ìlà. Èyí tó sán ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti gé igun náà sọ́tọ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ọ̀dà pupa ṣì wà lójú rẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń fọwọ́ kàn án bí wọ́n bá ń wọlé.